Ìbo-etí onírun, hẹ́dífóònù àbí ìbo-etí iṣẹ́: èwo ló yẹ ẹni tó ń lọ ata àti èlùbọ́?

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Ọ̀mù-Àrán

Mo kí gbogbo yín, àgbà àti ọmọdé. Ọ̀rọ̀ etí ni mo bá wá, mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, nítorí ó ti ń kó ìpayà bá mi.

Ó ti di ọdún 11 tí mo ti ń fi ẹ̀rọ lọ nǹkan ní Ọ̀mù-Àrán níbí. Ẹ̀rọ méjì ni mo ní lábẹ́ páànù kan ṣoṣo: ọ̀kan wà fún ata, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí, èkejì wà fún èlùbọ́, láfún àti àgbàdo, ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísẹ́lì ló sì ń yí àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ lásán, iṣẹ́ náà kì í ju wákàtí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ ọjà, láti aago méje àárọ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń to abọ́ sílẹ̀, a kì í sì í pa ẹ́ńjìnnì títí di aago kan ọ̀sán. Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, bí mo bá ti délé lálẹ́ ọjọ́ ọjà, etí mi á máa hó yìn-ìn bí ẹni pé ìrẹ̀ ń ké nínú rẹ̀, pàápàá etí ọ̀tún tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Tẹ́lẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti máa ń dákẹ́. Ní báyìí, ó ń di ọ̀sán ọjọ́ kejì kó tó lọ.

Àbúrò mi obìnrin tó dé láti Kánádà ní oṣù tó kọjá mú ìbo-etí kan wá fún mi. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gba àtàrí kọjá, ohun rìbìtì méjì tí wọ́n fi irun rírọ̀ bò sì wà ní ìparí rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì. Ó ní òun ni wọ́n fi ń bo etí nígbà tí yìnyín bá ń já bọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ mi ọkùnrin náà ní hẹ́dífóònù kan tí kò ní wáyà, tó ní bí òun bá ti tẹ bọ́tìnì kan lára rẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò yóò rọlẹ̀. Ó gbé e sí mi létí nínú ìsọ̀, lóòótọ́ sì ni ohùn ẹ́ńjìnnì náà lọ sílẹ̀. Òun kan náà ló fi fóònù rẹ̀ wọn ariwo ìsọ̀ mi, ó ní 97 ni ó ń kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún mi bóyá 97 pọ̀ tàbí ó kéré.

Nínú ìbo-etí onírun yìí àti hẹ́dífóònù, èwo ni mo lè máa lò nídìí ẹ̀rọ, àbí ẹ̀yà mìíràn wà tí mi ò mọ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ki òwú bọ etí, ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sì máa ń pọn ọmọ rẹ̀ olóṣù méje wá síbi iṣẹ́. Ọmọ náà máa ń sùn fọnfọn nínú ariwo yìí, èyí sì ń mú mi rò ó pé bóyá kò ṣe é ní nǹkan kan.

Òṣìṣẹ́ Ààbò, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Iṣẹ́ ààbò ni mo fi ọdún 16 ṣe láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ nílùú Ìlọrin, orí 97 yẹn ni mo sì fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù dání.

Désíbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n ariwo. A kò lè kà á bí a ṣe ń ka kóńgò ìrẹsì, nítorí bí ó bá fi 3 péré lé sí i, agbára ariwo tó ń wọ etí ti di ìlọ́po méjì. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ má ṣe gba ju 85 lọ fún wákàtí 8 lójúmọ́. Bí ariwo bá di 88, wákàtí 4 ni. Bó bá di 91, wákàtí 2. Bó bá di 94, wákàtí 1. Bó bá wá di 97 bíi ti ìsọ̀ yín, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni etí tí a kò bò lè gbà lójúmọ́. Wákàtí 6 ni ẹ sì ń lò lọ́jọ́ ọjà, ìyẹn ìlọ́po 12 ohun tó yẹ. Mo mọ̀ pé fóònù kì í ṣe ojúlówó ohun ìwọn ariwo, ó lè fi díẹ̀ lé tàbí kó fi díẹ̀ dín, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń mọ̀ láìlo ohunkóhun: bí ẹ bá dúró ní ìwọ̀n apá kan sí oníbàárà, tí ẹ sì ní láti kígbe kó tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti ju 85 lọ. Etí tó ń hó di ọ̀sán ọjọ́ kejì sì ti jẹ́rìí tó tó.

Ìbo-etí onírun tí àbúrò yín mú wá dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ariwo ni wọ́n ṣe ṣe é. Ọmọ ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Chester Greenwood, ní ìlú Farmington ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ló ronú kan irú rẹ̀ ní 1873, nígbà tí òtútù ń bá etí rẹ̀ jà lórí yìnyín. Ó tẹ wáyà sí òrùka méjì, ó sì ní kí ìyá rẹ̀ àgbà bá òun rán awọ onírun mọ́ ọn. Nígbà tó di 1877, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ń fún àwọn ará ìlú rẹ̀ lówó oṣù. Iṣẹ́ tí fìlà abetí-ajá ń ṣe fún àwọn bàbá wa tó ń jí lọ sóko nígbà ọyẹ́, tí wọ́n á fa etí fìlà náà wálẹ̀ bo etí tiwọn, ni onírun yìí ń ṣe. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín irun kọjá, ibi tí afẹ́fẹ́ bá sì ti rí gbà, ariwo náà yóò gbà á. Ẹ máa fi jáde ní ìdájí ọyẹ́, ẹ má ṣe gbé e dé ìdí ẹ̀rọ, nítorí yàtọ̀ sí pé kò ní dín ariwo kù lọ títí, láfún á kún inú irun rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Òwú náà kò ṣe nǹkan kan tó ṣe é gbára lé. Ohun tí ẹ ń wá ni ìbo-etí iṣẹ́, irú èyí tí ẹ lè rí létí àwọn tó ń tọ́ ọkọ̀ òfuurufú sọ́nà ní pápákọ̀. Ike líle méjì bí ìdajì agbè ni, fóòmù wà nínú rẹ̀, tìmùtìmù rírọ̀ sì yí ẹnu rẹ̀ ká kí ó lè lẹ̀ mọ́ awọ ara yí etí po, ọ̀pá orí rẹ̀ á sì fún un mọ́ orí. Tìmùtìmù yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bèèrè ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àkẹtẹ̀ ike àti bàtà àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́, kí ẹ sì yí páálí rẹ̀ padà láti wá nọ́ńbà tó ń sọ bí ó ṣe lè dín ariwo kù tó, kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà máa ń kọ NRR, èyí tó bá tẹ̀ lé òfin ilẹ̀ Yúróòpù máa ń kọ SNR àti EN 352. Èyí tí kò bá ní nọ́ńbà kankan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà náà tàn yín. Bí wọ́n bá kọ NRR 25 sí i, kò túmọ̀ sí pé 97 yóò di 72. Nínú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí 25, lára ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n sì bá a wọ̀ ọ́ dáadáa. Fún ẹni tó ń làágùn, tó ń tẹ̀, tó ń nà, ìṣirò tí àwa ń lò ni pé kí a yọ 7 kúrò, kí a sì pín ìyókù sí méjì. 25 á di 18, 18 á di 9. Nítorí náà, 97 yín á di 88, wákàtí 4 ni ẹ sì ní. Ó tó fún ọjọ́ lásán yín, kò tó fún ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ kọ́kọ́ ki fóòmù kékeré tí wọ́n ń pè ní íápúlọ́ọ̀gì bọ etí, kí ẹ tó gbé ìbo-etí lé e. Àwọn méjèèjì kì í ro ara wọn pọ̀ o: ẹ mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ ṣe ìṣirò tí mo ṣe lókè fún un, kí ẹ wá fi 5 péré kún un. Bí fóòmù náà bá jẹ́ NRR 32, ohun tí ẹ máa rí ni nǹkan bí 17, ìyẹn á sì mú 97 wálẹ̀ sí 80.

Alápákó, Ọ̀fà

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi yìí gbọ́, nítorí èmi kò rí ẹni sọ ọ́ fún mi lásìkò.

Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìlagi kan. Ìbo-etí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, orí ìṣó nínú yàrá ọ̀gá ni wọ́n sì wà, pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn láti ilé ìtajà. Ọjọ́ tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń já wọn kalẹ̀. Àwa tí a wà nídìí ayùn ńlá ń fi ọwọ́ bo etí bí igi líle bí ìrókò tàbí apá bá wọ ẹnu ayùn, nígbà mìíràn a ò tilẹ̀ lè fi ọwọ́ bò ó nítorí ọwọ́ náà ló ń ti igi. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀.

Nígbà tí mo dá dúró, mo ra tèmi, mo sì rò pé ìṣòro ti tán. Àṣìṣe tí mo ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún. Bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀, mo máa ń ṣí apá kan. Bí fóònù bá dún, mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ kọ́ ọrùn. Bí ooru bá mú, mo máa ń yọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, ayùn ṣì ń yí. Nígbà tí mo wá lọ yẹ etí mi wò ní Ìlọrin ni ẹni tó yẹ̀ mí wò bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó wọ ìbo-etí tó lè gbé 30 kúrò fún wákàtí méje àbọ̀ gbáko, tó wá yọ ọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré láàárín ariwo náà, ààbò tó rí gbà ní gbogbo ọjọ́ náà kò ju ti ìbo-etí tó ń gbé 12 kúrò lọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló jẹ ìyókù. Bí mo bá sì ro gbogbo ìgbà tí mo ń ṣí i lójúmọ́ pọ̀, ó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ dáadáa.

Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo máa ń pa ẹ̀rọ ni. Bí mi ò bá lè pa á, mo máa ń jáde sí ìta kí n tó ṣí etí. Mo ti kọ́ àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, kí wọ́n sì fi ìka fi iye ẹsẹ̀ bàtà pákó tí wọ́n fẹ́ hàn mí. Ó gba oṣù méjì kó tó mọ́ wọn lára.

Nọ́ọ̀sì Etí, Ìlọrin

Ẹ kú ìfaradà, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ọmọ olóṣù méje yẹn ni kò jẹ́ kí n lè kọjá láìdáhùn, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣáájú. Oorun ọmọ kì í ti ilẹ̀kùn etí. Ọmọ lè sùn nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ móoru, tàbí nítorí pé ariwo náà ti mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ó fi ń sùn ni ariwo náà ń wọlé sí i létí. Ihò etí ìkókó tún kéré ju tiwa lọ, ìyẹn sì máa ń mú kí ariwo tó ń ké fíìn le sí i kó tó dé ìlù etí rẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni ọmọ ń fi etí kó èdè jọ. Ẹ má ki fóòmù bọ etí rẹ̀, nítorí ó lè yọ ọ́ kó gbé e mì. Ìbo-etí àwọn ọmọdé wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ fún ìgbà díẹ̀ níbi ayẹyẹ, kò yẹ fún wákàtí mẹ́fà. Kí ìyá rẹ̀ wá ẹni tí yóò máa bá a gbé e ní ilé kejì tàbí ìkẹta sí ìsọ̀ yín, kó sì máa lọ fún un lọ́mú.

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, níbi tó ká kò bí ìkarahun ìgbín, ni àwọn ohun tín-íntín bí irun wà, wọ́n tó 15,000 nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ni wọ́n ń gba ìró kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ẹ fojú inú wo oko ìrẹsì tí ìjì ń fẹ́: bí ìjì bá fẹ́ díẹ̀, ìrẹsì á tẹ̀, á sì tún nàró, bó bá fẹ́ lójoojúmọ́, àwọn kan á dá. Etí tó hó lálẹ́ tó sì dákẹ́ láàárọ̀ jẹ́ èyí tó tẹ̀ tó sì nàró. Èyí tó ń pẹ́ sí i lọ́dọọdún bíi tiyín ń fi hàn pé àwọn kan ti ń dá, èyí tó bá sì ti dá lára ènìyàn kì í hù mọ́. Ìdí rèé tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ohun kan wà tí mo ń kíyè sí lára àwọn tó ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, tí ó sì máa ń tan àwọn ará ilé wọn jẹ. Ìró tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, ni ariwo kọ́kọ́ máa ń mú lọ, àwọn ìró bíi f, s àti ṣ sì wà lára wọn. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ Yorùbá kì í tètè lọ, torí pé ìró wọn wà ní ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí etí rẹ̀ ti ń bàjẹ́ á ṣì máa gbọ́ orin èdè náà, yóò mọ̀ pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni wọ́n pè tàbí ìṣẹ́. Á ní, "Mo ń gbọ́ yín, ẹ kàn ń kùn lẹ́nu ni." Àwọn ará ilé á ní ó ń fi etí palàbà gbọ́ àwọn. Bí ẹ bá ti ń rí i pé ohùn àwọn ọmọdé àti ti obìnrin ń ṣòro fún yín láti gbọ́ ju ti ọkùnrin lọ, àmì rẹ̀ nìyẹn.

Fóòmù tí wọ́n ní kí ẹ kì bọ etí ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó. Ẹ ó fi ìka yí i títí yóò fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú àtùpà, ẹ ó gba ẹ̀yìn orí fi ọwọ́ kejì fa etí sókè sẹ́yìn kí ihò rẹ̀ lè tọ́, ẹ ó tì í wọlé, ẹ ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kó lè wú padà. Ṣùgbọ́n, Ìyá, ọwọ́ tó lọ ata ni ọwọ́ yín. Bí ẹ bá fi ìka tó kan ata rodo yí fóòmù yẹn, tí ẹ sì tì í sínú ihò etí, ẹ kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ata rárá láàárọ̀ ni kí ẹ ti kì í, kí ẹ má sì yọ ọ́ títí ẹ ó fi parí, tí ẹ ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Bí etí bá ń tú tàbí ó ń dunni, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́, ìbo-etí òde nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín da òróró gbígbóná sí i nítorí pé ó ń hó.

Ẹ wá àyè lọ ṣe àyẹ̀wò etí. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Àyẹ̀wò náà kò ní ìrora: ẹ ó wọ hẹ́dífóònù, wọn á máa fi ìró ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ hàn nígbà tí ẹ bá gbọ́. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ọjà, kí etí lè ti sinmi kí wọ́n tó wò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ìlọrin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ dáhùn lórí hẹ́dífóònù ọmọ Ìyá, nítorí irú rẹ̀ ni mo fi ń kàwé nígbà tí gbogbo ilé tó yí wa ká bá tan jẹnẹrétọ̀.

Ohun tó ń ṣe ni pé ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ ń gbọ́ ariwo òde, ó sì ń dá ìró mìíràn tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀: ibi tí ti òde bá ti ga, tirẹ̀ á lọ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á sì pa ara wọn rẹ́ kí wọ́n tó dé ìlù etí. Ará Jámánì kan, Paul Lueg, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí èrò yìí ní Amẹ́ríkà láti 1936. Ní 1978, Amar Bose, ẹni tó dá iléeṣẹ́ Bose tó ń ṣe ẹ̀rọ orin sílẹ̀, wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tó gbéra ní Zurich, ariwo ọkọ̀ náà kò sì jẹ́ kó gbádùn orin tó ń gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìjókòó; 1989 ni iléeṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń lò.

Ariwo tó ń lọ hùùù láìyí padà, tó sì wà ní ìsàlẹ̀, ni ó mọ̀ ọ́n pa. Ìdí nìyẹn tí Ìyá fi rí i pé ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀. Ariwo òjijì, irú bí irin tó ń gbá irin tàbí òkúta tó bọ́ sínú ẹ̀rọ àgbàdo, ti wọ etí kó tó rí i ṣe, ohun tó bá sì ń ké fíìn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mú. Etí á rò pé òun ti bọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni apá tó ń ba àwọn irun tí Nọ́ọ̀sì sọ jẹ́ ṣì ń wọlé. Àwọn tó ṣe ọ̀pọ̀ jù nínú wọn kò sì kọ NRR sí i, nítorí wọn kò ṣe é fún ààbò. Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni orin. Ẹni tó bá fi orin sí i láàárín ariwo 97, ó ní láti gbé orin náà ga ju ariwo lọ kó tó gbọ́ ọ, ó ti di ìyà méjì. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní 80 désíbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí a má kọjá bí a bá ń gbọ́ orin. Mo sì bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń gun ọ̀kadà pẹ̀lú hẹ́dífóònù létí, ní ojú ọ̀nà tí ajagbe ń gbà kọjá, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ ọ́.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Ọ̀mù-Àrán

Ọlọ́run á máa ran gbogbo yín lọ́wọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìṣẹ́ yẹn fún ọkọ mi, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń sọ ohun kan náà fún ọ." Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ó ku ohun méjì. Mo ń wo dígí ojú, mo sì máa ń we gèlè tàbí kí n fi ìborí bo irun nítorí ìyẹ̀fun. Ọmọ iṣẹ́ mi ń wọ hìjáábù. Báwo ni ìbo-etí náà ṣe máa lẹ̀ mọ́ ara? Ṣé kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kí ariwo náà dín kù láti ìdí?

Òṣìṣẹ́ Ààbò, Ìlọrin

Ìbéèrè kejì yín ló yẹ kí n ti dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má bínú. Òfin wa ni pé kí a kọ́kọ́ dín ariwo kù níbi tó ti ń jáde, kí a tó sọ pé kí ẹni kankan di etí.

Ẹ lọ wo páìpù èéfín ẹ́ńjìnnì yín. Nínú ìsọ̀ mẹ́wàá tí mo bá dé, sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti dógùn-ún tàbí ó ti jábọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kí wẹ́dà ṣe tuntun sí i, kó sì fa páìpù náà jáde sí ẹ̀yìn ìsọ̀, níbi tí kò ti kọjú sí ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ ó bọ́ lọ́wọ́ èéfín pẹ̀lú. Ẹ gé táyà àtijọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì níbi tí bóòtù gbà wọlẹ̀, kí ẹ sì tún gbogbo bóòtù ara rẹ̀ dè, nítorí irin tó ń gbọ̀n máa ń fi ariwo tirẹ̀ kún un. Bí bẹ́líìtì bá gùn tó láti gbé ẹ́ńjìnnì náà síta lẹ́yìn ògiri, òun ló dára jù. Ní gbangba, bí a bá sọ ìjìnnà di ìlọ́po méjì, 6 ni ariwo fi ń wálẹ̀. Lábẹ́ páànù kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí pé páànù ń dá a padà, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó ń dúró lè máa to abọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì lọ jókòó sábẹ́ igi.

Ní ti gèlè àti hìjáábù, awọ ara ni kí tìmùtìmù náà kàn. Aṣọ, irun dídì àti apá dígí máa ń ṣí ọ̀nà fún ariwo. Kí ọmọ iṣẹ́ yín kọ́kọ́ gbé ìbo-etí wọ̀, kó tó fi hìjáábù bò ó, kó sì ki etí aṣọ náà bọ inú ẹ̀wù kí bẹ́líìtì má baà fà á. Ẹ̀yin náà, ẹ we gèlè sókè kúrò ní etí, tàbí kí ẹ wá irú ìbo-etí tí ọ̀pá rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọrùn. Bí apá dígí yín bá nípọn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí oníwáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Lálẹ́, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi ọṣẹ nu tìmùtìmù náà, ẹ má fi bẹntiróòlù nù ún. Nígbà tó bá gan tàbí tó sán, ó ti di ìgbà tí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Ọ̀mù-Àrán

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé tí mo ti ń lò ó, mo sì ní kí n padà wá jábọ̀. Ìbo-etí méjì ni mo rà, NRR 25 ni wọ́n kọ sí ara wọn. Lọ́jọ́ ọjà àkọ́kọ́, òógùn kún inú rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Mo fi aṣọ ìnujú tín-ínrín nu ún ní ìta, bí Alápákó ṣe wí, mi ò ṣí i nínú ìsọ̀. Àwọn oníbàárà kan bínú pé mo ń gbéra ga, pé wọ́n ń kí mi n kò dáhùn. Mo wá gbé ẹfun síbẹ̀, kí oníkálukú fi kọ ohun tó fẹ́ sára ìdérí abọ́ rẹ̀, bóyá kíkúnná ni tàbí èyí tó ní hóró díẹ̀, ìyẹn sì ti dín àríyànjiyàn kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wẹ́dà ti ṣe sàlẹ́ńsà. Ọmọ mi tún wọn ariwo náà ní ibi tó ti wọ̀n ọ́n lákọ̀ọ́kọ́ gan-an, ó di 93. Màmá ọmọ iṣẹ́ mi ló ń gbé ọmọ ní iwájú ilé wa. Etí mi ṣì ń hó lálẹ́ ọjọ́ ọjà, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n kì í di ọ̀la mọ́, mo sì ti gba ọjọ́ àyẹ̀wò ní Ìlọrin. Ọkọ mi ló ní òun máa bá mi lọ, kí òun lè gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, bí mi ò bá gbọ́ ọ tán.